Gáàsì tó gbóná tó mílíọ̀nù dígírì: ta ló rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀?

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní fíṣíìsì ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé gáàsì kan wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tó gbóná tó mílíọ̀nù dígírì. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́, ó ní ṣebí èmi náà ni mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òfúrufú tutù ju yìnyín lọ. Mo lọ wádìí sí i, mo wá rí i pé Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ CHIPS lọ sókè lọ́dún 2003 láti wá ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí gáàsì yìí ń tàn, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Ṣé gáàsì náà wà ni, àbí kò sí? Bó bá wà, kí ló dé tí wọn ò rí i? Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?"

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Gáàsì náà wà. Ohun tó da yín láàmú ni pé ọ̀rọ̀ méjì ti lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbóná àti òtútù tí ọmọ yẹn mú yín sí. Ìkejì ni pé ẹ rò pé ohun tó bá gbóná gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ débi tí gbogbo ènìyàn á fi rí i. Mo lo ọdún mélòó kan nídìí irú ìmọ́lẹ̀ yìí, mo sì lè sọ fún yín pé òun ni ìmọ́lẹ̀ tó le jù tí mo tíì wá láyé mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìgbóná kúrò lọ́nà. Ẹ lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan nígbà tó bá ń jó irin. Iná tó ń ta pàràpàrà yẹn gbóná ju ẹgbẹ̀rún dígírì lọ, síbẹ̀ ó ń bà á lápá, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹ wá da ife ògì gbígbóná kan sí i lápá, ògì tí kò gbóná tó 100 dígírì, ẹ ó gbọ́ ariwo. Dígírì ń sọ bí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó ni, kò sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Nínú gáàsì tí à ń sọ yìí, eré tí wọ́n ń sá kì í ṣe kékeré, àmọ́ iye wọn nínú lítà kan kò ju bíi márùn-ún lọ. Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ìdajì lítà, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ wá fi gáàsì yìí kún un: átọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta ni yóò wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá na ọwọ́ síbẹ̀, òtútù ni yóò pa yín, nítorí ooru ara yín á máa jáde lọ, ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù tó ń bà yín kò sì lè dá a padà. Nítorí náà, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ méjèèjì.

Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe wá mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣòro kan tí kò jọ ọ́ rárá. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Guido Münch, rí ìkùukùu gáàsì tútù tó wà lókè réré, tó jìnnà sí abala pẹrẹsẹ tí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ Milky Way, agbo ìràwọ̀ tiwa, wà. Ìkùukùu tó wà níbi tí kò sí nǹkan kan yẹ kó ti fẹ́ ká, bí èéfín ṣe ń tú ká nígbà tó bá jáde lójú fèrèsé. Àwọn wọ̀nyí ò tú ká. Lọ́dún 1956, Lyman Spitzer, onímọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó ń tì wọ́n mọ́ra láti ìta, ìyẹn gáàsì tó fẹ́lẹ́ gan-an ṣùgbọ́n tó gbóná tó mílíọ̀nù dígírì, tí eré tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń sá á sì dí àìpọ̀ wọn. Ó sọ ibi tí wọ́n ti lè rí àpẹẹrẹ rẹ̀: nínú ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, lára ọ́síjìn tí ooru ti já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún kúrò nínú mẹ́jọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán kò lágbára tó láti bọ́ ọ́síjìn níhòòhò báyẹn. Ìkọlura nínú gáàsì tó gbóná tó nǹkan bíi 300,000 dígírì ló lè ṣe é. Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹjọ 1972, sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní Copernicus gòkè pẹ̀lú tẹlisíkóòpù tí àwọn ará Princeton ṣe. Nígbà tó fi máa di 1974, wọ́n ti rí ọ́síjìn náà níbi púpọ̀. Èyí ni ìdí tí mo fi fi gbogbo ẹnu sọ pé gáàsì gbígbóná wà.

Ẹ kíyè sí bí Copernicus ṣe rí i o, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye kejì wà. Kò rí ìmọ́lẹ̀ gáàsì náà. Ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn gáàsì ló ń wò, ó sì rí ibi tí gáàsì ti bu díẹ̀ jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá la ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ bí òṣùmàrè, ẹ ó rí ìlà dúdú tín-ín-rín níbi tí ọ́síjìn ti jẹ tirẹ̀. Fún irú ìyẹn, ẹyọ ọ́síjìn kan tó bọ́ sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ti tó láti kà. Kí gáàsì fúnra rẹ̀ tó tan ìmọ́lẹ̀ jáde ńkọ́? Ọ́síjìn kan àti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbọ́dọ̀ kọlu ara wọn kí ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan tó jáde. Ẹ ronú sí ọjà lálẹ́ nígbà tí èrò ti ń tú. Bí èrò bá dín sí ìdajì, iye ìgbà tí èjìká ń gbún èjìká kò dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Bí èrò bá dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ nínú lítà jẹ́ ọjà tó ti tú pátápátá. Ó gbóná, ó ń tàn, àmọ́ bí ìgbà tí ènìyàn tan ìṣáná kan ṣoṣo sáàárín oko tó lọ salalu.

Ìmọ́lẹ̀ náà ò wá sí ilẹ̀ ayé rárá. Ọ́síjìn àti ozone tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa ti gbé e mì kó tó dé, èyí tó dára fún awọ ara wa, tó sì burú fún iṣẹ́ wa. Ó di dandan kí ènìyàn gbé ẹ̀rọ lọ sókè. Bí ẹ bá dé òkè náà, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Háídrójìn tó fọ́n ká sáàárín ìràwọ̀ ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ kéré díẹ̀ sí 912 Å mì (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí wà láàárín nǹkan bíi 4,000 sí 7,000). Àfi tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an, sí bíi 100 Å, ni ọ̀nà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀. Eruku náà wà. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wo òkè jíjìn nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ: òkè náà wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, funfun lásán ni ẹ̀ ń wò. Eruku òfúrufú ń ṣe báyẹn sí ultraviolet jù bó ṣe ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ pupa lọ. Lójú ọ̀nà abala pẹrẹsẹ Milky Way, ohun tó wà nítòsí nìkan lẹ lè rí.

Ilé ayé fúnra rẹ̀ tún ń tàn. Háídrójìn tó yí ayé ká, àní lókè ibi tí sátẹ́láìtì ń gbà kọjá, ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì ń ta á padà. Ìlà kan nínú ìmọ́lẹ̀ yìí wà ní 1025.7 Å. Ìlà ọ́síjìn tí à ń wá wà ní 1031.9. Ẹ rí i pé aládùúgbò ni wọ́n, èyí àkọ́kọ́ sì mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ láìní àfiwé. Mo fi ẹ̀rí ojú ara mi sọ ọ́. Ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí àkójọ data FUSE, sátẹ́láìtì tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù kẹfà 1999, tó ṣiṣẹ́ títí di 2007, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe láràárọ̀ ni kí n ya data ọ̀sán sọ́tọ̀, kí n ya ti òru sọ́tọ̀. Ti òru ni mo máa ń fọkàn tán. Ojú ihò tí FUSE fi ń wo ọ̀run fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́ta ìbú òṣùpá. Mo jókòó ṣírò ó lọ́jọ́ kan: láti inú ọ̀run tí kò sí ìràwọ̀ kankan, ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn tó máa bọ́ sínú ẹ̀rọ náà jẹ́ ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹyọ kan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ lè fi ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ kó jọ, ìka á tún ṣẹ́kù.

Ohun tó gbà wá ni pé ìlà ọ́síjìn yìí jẹ́ ìbejì. Táíwò wà ní 1031.9, Kẹ́hìndé wà ní 1037.6, bó bá sì jẹ́ pé gáàsì tó fẹ́lẹ́ ló ń tàn án, Táíwò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì Kẹ́hìndé. (Ẹ̀yin Kẹ́hìndé, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀.) Níbẹ̀ ni mo ti gbá orí mọ́ ògiri nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rí òkìtì kékeré kan tó dára gan-an ní apá 1037, inú mi dùn, mo sáré tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ọ̀gá náà wò ó, ó mu kọfí rẹ̀, ó ní, "Èkejì rẹ̀ dà?" Mo padà lọ wò ó: 1031.9 mọ́ tónítóní, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ti sún òdiwọ̀n gígùn ìgbì mi sápá kan pẹ̀lú bíi ìdajì Å. Kábọ́ọ̀nù ló wà níbẹ̀, ní 1037.0, kábọ́ọ̀nù tó pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré, tó ń gbé nínú gáàsì tí kò gbóná rárá lójú ohun tí mò ń wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sáré tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, wọ́n rí i. Lọ́dún 1986, ẹ̀rọ kan tí Columbia, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń gbé ènìyàn lọ sí òde ayé, gbé lọ sókè fi hàn pé kábọ́ọ̀nù tó pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ń tàn káàkiri ojú ọ̀run, ìyẹn gáàsì tó wà ní bíi 100,000 dígírì. Láti 2001 lọ, àwọn tó ń lo FUSE bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àbájáde jáde pé àwọn rí ìbejì ọ́síjìn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Táíwò àti Kẹ́hìndé ní ìwọ̀n tó yẹ. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, sátẹ́láìtì àwọn ará Kòríà gòkè láti Rọ́ṣíà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n bá yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣe pọ̀, òun ló ya àwòrán ibi púpọ̀ lójú ọ̀run nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó rí ìmọ́lẹ̀ gáàsì gbígbóná rí kò tíì wádìí dáadáa. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé èyí tí wọ́n rí jẹ́ ti 100,000 àti 300,000 dígírì. Gáàsì irú èyí ń tàn dáadáa, ó sì ń tutù kíákíá, kì í pẹ́ nípò yẹn. Ọmọ mílíọ̀nù gan-an ni CHIPS lọ wá.

CHIPS kéré, àwọn ará yunifásítì Berkeley ló ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀, Mark Hurwitz sì ni olórí iṣẹ́ náà. Ó gòkè ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2003 láti Vandenberg ní Kalifọ́níà. Oòrùn wa àti àwa wà nínú ihò ńlá kan nínú gáàsì òfúrufú, ihò tí àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù gbẹ́ ní bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọdún sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2022 ṣe sọ, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 ọdún-ìmọ́lẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń rí X-ray fẹ́ẹ́rẹ́ láti gbogbo ìhà ọ̀run, ohun tí gbogbo ènìyàn sì sọ nígbà náà ni pé gáàsì mílíọ̀nù dígírì tó kún inú ihò náà ló ń tàn án. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irin tó wà nínú gáàsì náà, irin tó ti pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ, gbọ́dọ̀ máa tàn gidigidi ní 171 Å. CHIPS lọ wò láàárín 90 àti 260 Å. Ibẹ̀ náà ni háídrójìn kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó jìnnà, èyí tó dára, nítorí nǹkan tòsí ni wọ́n ń wá. Wọ́n wo ìhà tó pọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n kó data jọ, ìlà irin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí níbẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n rí kéré jìnnà sí ohun tí X-ray ń ṣèlérí. Lọ́dún 2006, wọ́n yí ẹ̀rọ náà sí oòrùn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Èrò méjì ló wà nílẹ̀, èmi ò sì gbà pé ọ̀kan lé èkejì jáde. Ọ̀kan ni pé irin náà wà, àmọ́ inú eruku ló sá pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ irin tó wà láàárín ìràwọ̀ ló wà nínú hóró eruku, irin inú eruku kì í sì í tan ìlà 171. Ìkejì ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ní 1996, sátẹ́láìtì ROSAT ti Jámánì wo ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Hyakutake, ó sì rí X-ray níbẹ̀. X-ray láti ara yìnyín! Ẹ̀fúùfù oòrùn ló fà á. Oòrùn ń fẹ́ átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ọ̀pọ̀ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sóde, bí wọ́n bá pàdé gáàsì tútù lójú ọ̀nà, wọ́n á já ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n já gbà á sì tan X-ray bó ṣe ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Gáàsì tútù láti àárín ìràwọ̀ ń ṣàn wọ agbègbè oòrùn wa lójoojúmọ́. Ó wá túmọ̀ sí pé apá kan nínú X-ray tí a ti ń ka sí ti ihò ńlá yẹn wá láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó dà bí ẹni tó gbọ́ ìlù lóru, tó ní àwọn ará ìlú kejì ló ń ṣe òkú, àfi bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó bá onílù ní fáráńdà ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2012, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní DXL fò láti New Mexico láti wọn èyí, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2014: nínú abala pẹrẹsẹ Milky Way, bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún X-ray fẹ́ẹ́rẹ́ náà ló wá láti ara ẹ̀fúùfù oòrùn.

Ẹ ó rí i pé ó ku bíi 60. Ihò náà kò ṣófo, gáàsì gbígbóná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré sí bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀. Bí irin tó wà nínú gáàsì àti èyí tó wà nínú eruku ṣe pín sí gan-an kò tíì yanjú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi CHIPS sọ fún yín pé Spitzer ṣìnà. Spitzer ń sọ̀rọ̀ gáàsì tó bo gbogbo Milky Way lókè réré, CHIPS ń wo àgbàlá tiwa nìkan.

Bí mo bá wà ní ipò yín, mi ò ní fi CHIPS bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ fi wẹ́dà àti ògì bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹ fi ìràwọ̀ tó ní gáàsì níwájú tẹ̀lé e, nítorí ìlà dúdú rọrùn láti gbà gbọ́ ju ìlà mímọ́lẹ̀ lọ. X-ray ni ẹ fi ṣe ìkẹyìn, nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé nǹkan méjì lè tan irú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí ọmọbìnrin yẹn bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, data FUSE wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní MAST, àpótí data tó wà ní Baltimore, kò sí ẹni tó máa bi í pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wo ni. Mi ò ní tàn yín, iṣẹ́ náà ń sú ènìyàn, ìwọ̀nba ohun tí FUSE lè wò kéré, kò sì ní gbé ohun tuntun jáde nírọ̀rùn. Bó bá jẹ́ nǹkan tuntun ló ń fẹ́, kó máa fetí sí Aspera, iṣẹ́ kékeré kan tí NASA fọwọ́ sí ní 2021 fún yunifásítì Arizona, láti wá ìbejì ọ́síjìn kan náà ní àyíká agbo ìràwọ̀ mìíràn. Àmọ́ ní ti FUSE, kó yan data òru. Kó kọ́kọ́ wo 1031.9. Bí kò bá rí Táíwò níbẹ̀, kó má ṣe tíì pe ẹnikẹ́ni wá wo Kẹ́hìndé.